Bí mo ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru màámi wò fún ọjọ́ 7

168/98 ni wọ́n kọ sínú pépà kékeré tí màámi mú wálé láti kẹ́míìsì kan l'Ébùúté Mẹ́ta: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ipá ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń tú u jáde, ìkejì sì ni tìgbà tí ọkàn bá sinmi. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti ń bọ̀, oòrùn ti pa wọ́n, wọn ò sì tíì mí délẹ̀ tí wọ́n fi wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá, lórí bùbá. Àyà mi já, ṣùgbọ́n mi ò gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.

Mo pinnu láti ra ẹ̀rọ tiwa, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè. Kí n tó lọ, mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, mo fi wọn apá màámi láàárín èjìká sí ìgúnpá: sẹ̀ǹtímítà 36. Aṣọ tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá kò ju 22 sí 32 lọ. Bó bá há mọ́ èèyàn lápá, irọ́ ló máa pa, á gbé nọ́ńbà ga. Mo fi owó kún un, mo ra aṣọ ńlá.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó mu tíì, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán, màámi á jókòó, ẹ̀yìn á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ́ nílẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí gbé apá wọn dé ọ̀gangan àyà. Ìṣẹ́jú 5, ká má sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti le.

"Ọkọ mi, ṣé o ti san owó iná?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ń gbé e sókè." A tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà apá ọ̀tún fi 6 ga ju ti òsì lọ, òun la wá ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, ìṣẹ́jú kan láàárín. Mo yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò nítorí ojora, mo ro ìyókù pọ̀, mo pín in: 149/91.

Nílé, bó bá ti dé 135/85, ó ti ga nìyẹn. Nọ́ńbà kẹ́míìsì yẹn kò péye, àmọ́ àìsàn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orí ò sì fọ́ màámi rí, òòyì ò kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń jẹ kíndìnrín níkọ̀kọ̀, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé.

Dókítà ṣí ìwé tí a ń kọ nọ́ńbà sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, ó sì kọ oògùn. Láàárọ̀ òní, kí n tó jí, màámi ti jókòó, apá wọn ti wà lórí ìrọ̀rí.