Iná Ìdájí Nígbà Ọyẹ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ kú ìtọ́jú. Iná tó jó oko kajú mọ́ iṣu àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àti ikọ́ tó dé bá àwọn ọmọdé lẹ́yìn ẹ̀, ló jẹ́ ká kọ eléyìí. A ò fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣán oko, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Nǹkan kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ, ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ẹ̀: ẹ̀ ń tanná sí igbó àti ààtàn ní ìdájí, nínú ọyẹ́, torí pé afẹ́fẹ́ ò fẹ́ nígbà yẹn.

A mọ̀ pé ẹ rò pé iná ò ní ràn. Ó lè má ràn lóòótọ́, èéfín ẹ̀ ńkọ́? Lóru ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù, afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sísàlẹ̀, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wá bò ó lórí bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ò wá ríbi gbà lọ sókè mọ́. Ẹni tó bá wà lápá Òkè Sóbì láàárọ̀ oṣù kìíní á rí i bó ṣe tẹ́ sórí ìlú, pàápàá ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Asà. Àwọn ìlú Ìgbómìnà tó wà láàárín òkè, inú kòtò tí wọ́n wà yẹn gan-an ni èéfín ń sùn sí. Àfi tó bá di bíi aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá tí oòrùn ti mú kó tó ká kúrò, àwọn ọmọ sì ti fa gbogbo ẹ̀ símú tán lọ́nà iléèwé.

Bẹ́ẹ̀ eruku ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ni ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́ ti ń bọ̀, ó lé ní kìlómítà 1,500 sí wa, atẹ́gùn ló ń gbé e wá láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí eruku kíkúnná tí wọ́n ń pè ní PM2.5 má kọjá máíkírógíráàmù 15 nínú kúbíìkì mítà kan lójúmọ́, eruku ọyẹ́ nìkan sì máa ń kọjá ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. A ò lè dá ti Chad dúró. Ti ọwọ́ wa la lè pa.

Láti oṣù kọkànlá títí àkọ́rọ̀ òjò á fi rọ̀, ẹ má sun nǹkankan. Pòròpórò àgbàdo, ti ọkà bàbà, ewé iṣu gbígbẹ, ẹ gbẹ́ kòtò fún un: gígùn mítà 2, ìbú mítà 1, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ nípọn sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù sẹ̀ǹtímítà 5 lé e, ẹ wọ́n omi bọ́kẹ́ẹ̀tì 2, kẹ́ ẹ tún tẹ́ òmíì títí á fi kún. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ẹ jọ̀ọ́, torí ọyẹ́ á fa omi ẹ̀ gbẹ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa yí i, tó bá fi máa tó oṣù 3 ó ti di ajílẹ̀. Àwọn kan á ní ó ti pẹ́ jù, àwọn yẹn náà ló ń pariwo pé ajílẹ̀ ti wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ sun, ó di ẹ̀yìn àkọ́rọ̀. Ẹ ṣán ààlà mítà 5 yí ibẹ̀ ká, kẹ́ ẹ gbá a kó ku erùpẹ̀ nìkan, ó kéré tán èèyàn 3 pẹ̀lú omi lítà 100. Aago mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ tanná, kó ti kú kó tó di aago méjìlá, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí eérú á fi tutù. Ọ̀rá àti táyà ò sí nínú ohun tí à ń sun rárá, ìgbà yòówù kó jẹ́.

Nínú ilé, tí èéfín bá wà níta, ẹ ti fèrèsé títí aago mẹ́wàá. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ fi ń bomú ò lè dá èéfín dúró, ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 ló ṣe é gbára lé, ẹni tó ní ásímà má jẹ́ kí inhaler jìnnà sí i. Ọyẹ́ àti eruku a máa ha ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni yírùnyírùn ti máa ń rọ́nà wọlé, torí náà ọmọ tí ibà mú tí ọrùn ẹ̀ bá le, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ má gbé àdògán eléèédú wọ yàrá sùn nítorí òtútù, èéfín ẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí yẹn ń pa ìdílé lódindi. Jẹnẹrétọ̀ náà, mítà 6 sí fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò.

Tí àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, eruku gbogbo ìgbà ọyẹ́ wà lórí páànù yín. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí i.