Bí ẹ ó ṣe wọn ìlérí afẹ́nifẹ́re kí ẹ tó dìbò fún un

Láti ayé Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn Yorùbá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí ó ṣèlérí òmìnira fún gbogbo ènìyàn àti ìgbé-ayé ọ̀pọ̀ yanturu, ni òṣèlú àti inú rere ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ kan náà ní ilẹ̀ wa. Bí ẹnìkan bá dìde láàárín agbo tí ó ní ìyà mẹ̀kúnnù ń dun òun, kíá ni ojú gbogbo ènìyàn yóò rọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá sì béèrè pé ọ̀nà wo ni yóò gbé e gbà, òun ni wọn yóò pè ní ọ̀tá aráàlú. Ọ̀kan lára àwọn tí ń béèrè ni mí. N kò sọ pé ẹlẹ́tàn ni àwọn olóṣèlú onítẹ̀síwájú. Mo gbà pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ ire lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà, nítorí pé a tètè máa ń fura sí olè, ṣùgbọ́n a kì í fura sí aláàánú. Òfin kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́. Ohun tí ó yọ̀ǹda àti ohun tí ó kọ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú.

Bébà kan àti báírò kan ti tó fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ẹ sì lè ṣe é ní ìpàdé àdúgbò tàbí nídìí rédíò.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìlérí náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ wá fa igi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń ròyìn inú ẹni tí ó sọ ọ́. Bí olóṣèlú bá ní, "Nítorí pé a fẹ́ràn yín, a kò ní jẹ́ kí àwọn onílé aláìláàánú máa rẹ́ yín jẹ mọ́, a ó rí i pé wọn kò gba ju owó ọdún kan lọ," ohun tí yóò ṣẹ́kù lórí bébà yín ni pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ. Èyí ṣeé wọ̀n. Bí ẹ bá fa igi tán tí kò sí ohun tí ó kù, àdúrà ni ó gbà fún yín. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì máa lọ sílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ sì kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ohun tí onítọ̀hún yóò ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí òfin bá jáde. Ẹ má kọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹni tí ó fẹ́ràn ara rẹ̀ níwọ̀nba, bí èmi àti ẹ̀yin, yóò ṣe. Àpẹẹrẹ tí mo mú yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2011, nígbà tí Babátúndé Raji Fashola jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ayálégbé tí ó ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá ti wá ilé rí ní Èkó, tí wọ́n ní kí ó kó owó ọdún méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní bá ẹni tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Onílé: ènìyàn mẹ́wàá ń du yàrá kan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà yóò mú ẹni tí kò ní bá a jiyàn. Ajẹ́ńtì: owó tí kò lè pè ní owó ilé mọ́, yóò pè é ní owó agírímẹ́ǹtì, yóò pè é ní kọmíṣàn, yóò sì tún rí orúkọ kẹta fún un. Ayálégbé ńkọ́? Òfin náà sọ pé ẹni tí ó san ju ọdún kan lọ jẹ̀bi bí ẹni tí ó gbà á, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta sì ń bẹ fún àwọn méjèèjì. Ta ni yóò wá gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí kóòtù lọ jẹ́wọ́ pé òun san án? Òfin yìí kò tilẹ̀ kan Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, àwọn àdúgbò tí àwọn tí apá wọn ká agbẹjọ́rò ń gbé. Títí di òní ni àwọn onílé kan ń béèrè owó ọdún méjì. Ilé ni kò tó, òfin náà kò sì to búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn.

Níbi tí ẹ bá rí i pé ohun tí ẹ kọ síwájú orúkọ ẹnìkan ni pé yóò ṣègbọràn nítorí pé òfin náà dára, ẹ pa á rẹ́.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni èyí tí àwọn onítẹ̀síwájú kì í fẹ́ gbọ́, nítorí pé ó máa ń dà bí ìfẹ́ láti padà sí ayé àtijọ́: kí ni ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó sì ń ṣe? N ó dúró pẹ́ díẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ẹ̀dùn ọkàn tí ó bí i kì í ṣe irọ́. Ilẹ̀ ti wọ́n ní ìlú ńlá, àwọn kan ń rà á pamọ́ kí owó rẹ̀ lè gòkè, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ń náwó gọbọi kí ó tó rí ibi tí yóò la ọ̀nà sí. Nítorí náà wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà tọ́jú rẹ̀. Ìlànà tí ó jọ ọ́ ti wà ní ilẹ̀ Hausa nípasẹ̀ òfin ilẹ̀ ọdún 1962. Wọ́n wá mú un wá sí gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ti ẹbí.

Ilẹ̀ ẹbí ní àbùkù tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀: ìjà àwọn ọmọ baba kan náà, ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì, ẹjọ́ tí àwọn ọmọ jogún lọ́wọ́ baba wọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ wà tí ó ń ṣe. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ilẹ̀ kí a tó tà á. Èyí tí wọ́n bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò kà á sí títà rárá. Àwọn àgbà wọ̀nyí ni wọ́n mọ ẹni tí ó gbin kòkó síbí, ẹni tí ó kàn gba àyè dáko, àti ibi tí a gbin igi pèrègún sí láti fi sàmì ààlà. Kò sí fáìlì kankan ní sẹkitéríàtì tí ìmọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ ní 1978, ẹni tí ó kọ òfin náà kò sì béèrè ibi tí yóò gbà lọ.

Kò lọ síbì kankan. Ẹbí kò túká, ọmọ onílẹ̀ kò sì kúrò nídìí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lónìí yóò san owó fún ẹbí, yóò gba rìsíìtì lọ́wọ́ wọn, yóò sì tún lọ san owó mìíràn ní ọ́fíìsì ìjọba kí ó tó gba ìwé C of O tàbí ìyọ̀ǹda gómìnà. Níbi tí onílẹ̀ kan wà tẹ́lẹ̀, a wá ní méjì. Ní 2016, ìjọba Èkó tún ní láti ṣe òfin tuntun nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀, ọdún 38 lẹ́yìn tí òfin ti kéde pé ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Bí ìjọba bá sì fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ ni òfin náà ní kí wọ́n san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó ní ọjà.

Ọ̀rọ̀ kan tí kóòtù dá ní 1989 yóò fi yé yín bí òfin aláàánú ṣe máa ń ṣẹ́rí padà. Ọkùnrin kan fi dúkìá rẹ̀ ṣe ìdúró fún owó tí ó jẹ báńkì. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta dúkìá náà, ọkùnrin náà ní òun kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí òun tó fi í dúró, nítorí náà ìdúró náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó gba ìyọ̀ǹda ọ̀hún o! Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá a láre, nítorí pé bí òfin ṣe kà nìyẹn. Ẹ wá fi ara yín sípò máníjà báńkì, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ ó yá tálákà tí kò ní ju rìsíìtì ẹbí lọ lówó.

Ẹ béèrè ọ̀nà àbọ̀ pẹ̀lú: bí nǹkan náà kò bá dára, báwo ni a ó ṣe yọ ọ́? Ìjọba ológun ló fi àṣẹ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń lò láti 1999 sì ní a kò lè tún un ṣe àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí inú rere rẹ̀ bá dá a lójú jù ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí.

Owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù náà kò ní ọ̀nà àbọ̀. Àánú ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì di ohun tí àwọn oníṣòwò fàyàwọ́ ń kó gba ẹnu ibodè kọjá, tí ó di kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé lítà kan láti ₦65 sí ₦141 ní oṣù Kìíní 2012, ìlú dàrú, wọ́n sì padà sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, gbólóhùn kan láti ẹnu Ààrẹ tuntun ni ó fòpin sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tí èrò wọn bá tèmi mu pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Kí a gbé ẹrù tí ìlú ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀kalẹ̀ lójijì, láì kọ́kọ́ ṣètò ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àìsàn kan náà ni: ìgbàgbọ́ pé bí èrò bá ti tọ́, ayé yóò to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ẹ kò bá lè lò fún ẹgbẹ́ tiyín, ẹ kúkú jù ú nù.

Ó ku ẹni tí yóò sanwó, ibí yìí ni mo sì ti fẹ́ yin àwọn Afẹ́nifẹ́re àkọ́kọ́. Ní oṣù Keje 1952 ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ni àwọn ọmọ sì tó wọlé. Láàárín ọdún méjì àbọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn lójúkojú pé owó orí ni yóò gbé e, àwọn ènìyàn sì bínú. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ alátakò wọn, NCNC, ni ó kó ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kò tìtorí rẹ̀ pa iye owó náà mọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 ní 1955, nígbà tí wọn kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú. Pẹ̀lú gbogbo ìmúrasílẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tí ì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí olóṣèlú bá ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan yóò jẹ́, ẹ bi í léèrè orúkọ owó orí náà, kí ẹ sì wo bóyá ó ti dárúkọ rẹ̀ rí níwájú àwọn tí yóò san án. Bí ó bá ní àwọn olówó ni yóò san án, ẹ padà sí orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí olówó náà yóò ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ kọ déètì sórí bébà náà, kí ẹ kó o síbi tí ẹ ń kó rìsíìtì owó iná sí. Bí ọdún méjì bá pé lẹ́yìn tí òfin ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un jáde, kí ẹ má sì lọ bi agbẹnusọ ìjọba tàbí ẹni tí ó bu ìjọba. Ẹ lọ bi ẹni tí ó gba yàrá ní oṣù tó kọjá pé ọdún mélòó ni ó san.