Bí A Ṣe Lè Mú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Pẹ́ Lọ́wọ́ Láìfi Ara Ẹni Wewu

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí a bá jókòó ti iṣẹ́ kánjúkánjú, tí kọ̀ǹpútà sì sọ pé òun fẹ́ kú kí òun tún tan ara òun nítorí ìmúdójúìwọ̀n kan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá tàn padà, bọ́tìnnì tí ọwọ́ wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti ṣí lọ sí ibòmíràn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ geerege lánàá kò dáhùn mọ́, ohun gbogbo sì ń falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwià náà yóò kéde pé ẹ̀rọ wa ti dàgbà jù láti gba ẹ̀dà tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí kò fi ìgbà kan kọ iṣẹ́ tí a rán an. Ìbínú tó tọ́ ni ìbínú tí èyí ń fà.

Ṣùgbọ́n ìbínú yìí ti mú kí àwọn kan ti gbogbo ìmúdójúìwọ̀n pa pátápátá, ewu tó sì wà nínú ìyẹn ju ìyọnu tí wọ́n ń sá fún lọ. Ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé àtúnṣe tó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, kí á tètè gbà á. Ìyípadà tó kàn ń pààrọ̀ ojú àti ìṣe ẹ̀rọ, kó dúró títí ọwọ́ wa yóò fi dilẹ̀. Bí àtúnṣe ààbò bá sì dẹ́kun, kí á kọ́kọ́ pààrọ̀ sọ́fítíwià kí á tó ronú àtira ẹ̀rọ mìíràn.

Bí a ṣe ń ya àtúnṣe ààbò sọ́tọ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún ihò kan tó wà lára ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ojú ihò yẹn gan-an wọ ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé, ó ń ti fáìlì onífáìlì pa, ó sì ń béèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó fara gbá a, débi pé wọ́n ní láti fagi lé ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ kí àgbákò náà tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó kó sí i ni kò sì tíì gbà á.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ìmúdójúìwọ̀n kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ìmúdójúìwọ̀n kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, iléeṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwià ààbò, dá ẹ̀rọ Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dúró láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ọkọ̀ òfurufú kò sì lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ẹ gba àtúnṣe ààbò láàárín ọ̀sẹ̀ tó bá jáde, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó yan ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da fáìlì yín kọ síbòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe oṣooṣù rẹ̀ jáde, nítorí náà a lè múra dè é. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ lọ sí Windows Update. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí Pause updates, tó lè dá ohun gbogbo dúró fún ọjọ́ 35 ní Windows 10, àti Active hours, níbi tí ẹ ó ti sọ àwọn wákàtí tí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dédé pa ara rẹ̀ kó sì tún tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ka orúkọ ohun tó fẹ́ wọlé kí ẹ tó gbà á. Èyí tó bá jẹ́ Cumulative Update ni àtúnṣe ààbò ti oṣù náà, ẹ jẹ́ kó wọlé. Bí ọ̀rọ̀ náà Preview bá wà lára orúkọ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò bá àtúnṣe oṣù tó ń bọ̀ wá lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn bá ti dán an wò. Ní ti àwọn driver (sọ́fítíwià kékeré tó ń darí ohun èlò kọ̀ọ̀kan, bíi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ohùn) tó wà lábẹ́ Optional updates, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n bí ohun tí wọ́n ń darí bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí driver tuntun tí ẹnikẹ́ni kò nílò.

Lórí fóònù Android, ẹ wá Android version lábẹ́ About phone nínú Settings, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara àtúnṣe ààbò tó kẹ́yìn. Bí ọjọ́ yẹn bá ti lé ní ọdún kan, tí ẹ sì wá títí tí ẹ kò rí tuntun, ẹ yọ áàpù báǹkì kúrò lórí fóònù náà, kí ẹ máa lò ó fún orin, àwòrán àti ìwé kíkà. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ti là á kalẹ̀ pé kí ìmúdójúìwọ̀n wà fún fóònù fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ títà á, ó sì wù mí kí irú òfin bẹ́ẹ̀ kárí ayé.

Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀ ni ó jẹ́ ẹ̀bi ìmúdójúìwọ̀n. Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fà á: ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé ìmúdójúìwọ̀n òun ń dín eré àwọn iPhone kan kù bí bátìrì wọn bá ti gbó, kí wọ́n má baà máa kú lójijì, ìjọba ilẹ̀ Faransé sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé e ní ọdún 2020 nítorí pé kò fi tó àwọn oníbàárà létí. Bátìrì tuntun ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe fóònù tuntun. Bátìrì tó bá ti wú, yálà ti fóònù tàbí ti láptọ́ọ̀pù, ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe gba iná sí i mọ́, nítorí ó lè gbiná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yọ ọ́.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń lo hard disk tó ní àwo tó ń yí, tí ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ kí Windows tó ṣí, kò sí àtúnṣe tó lè mú ìyàtọ̀ wá bíi kí ẹ fi SSD, ohun ìpamọ́ fáìlì tí kò ní àwo, rọ́pò rẹ̀. Lára hard disk, apá kékeré kan ní láti sáré láti ibì kan sí òmíràn lórí àwo kó tó rí ohun tí a rán an, ṣùgbọ́n SSD kò ní ohunkóhun nínú tó ń yí tàbí tó ń sáré. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọdún mẹ́wàá ló ń gba SSD SATA oníwọ̀n ínṣì 2.5, èyí tó ń wọ ojú ihò kan náà tí hard disk ti jáde. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò lójú fáànù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dá abẹ́ fáànù náà dúró kó má baà yí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí. Ẹ lè tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kí ó so mọ́ ayélujára láìsí ìyọnu, síbẹ̀ kí búráúsà kọ̀ láti ṣí ojú-ewé kankan, kó máa kìlọ̀ pé ìkànnì náà kò ní ààbò. Kí ẹ tó gbà pé ẹ̀rọ náà ti gbó jù, ẹ wo aago rẹ̀. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé-ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, aago ara kọ̀ǹpútà ni búráúsà sì fi ń mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí náà ṣì múlẹ̀. Bí aago bá sọ pé ọdún 2009 la wà, lójú ẹ̀rọ yẹn, kò sí ìwé-ẹ̀rí òde òní kan tó tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan tó wà lára pákó inú kọ̀ǹpútà ló ń mú kí aago máa lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. CR2032 ni orúkọ tó wà lára púpọ̀ nínú wọn, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 3. Ẹ yọ okùn iná àti bátìrì ńlá kúrò, kí ẹ wo apá tó kọjú sókè níbi tí àmì + wà, kí ẹ fi ohun tí kì í ṣe irin yọ èyí tó ti kú, kí ẹ sì ki tuntun bọ̀ ọ́ bí àtijọ́ ti wà. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, okùn wáyà méjì ni wọ́n fi so ó mọ́ pákó, ẹ gbọ́dọ̀ ra irú èyí tó ní wáyà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún ọjọ́ àti wákàtí tò.

Bí aago bá tọ̀nà tí ìkìlọ̀ náà kò sì lọ, a jẹ́ pé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ìkànnì, tí ẹ̀rọ gbẹ́kẹ̀ lé, ló ti kọjá àkókò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 nìyẹn, nígbà tí ìwé-ẹ̀rí àgbà tó ń jẹ́rìí sí ti Let's Encrypt, tó ń fún ìkànnì ní ìwé-ẹ̀rí, parí, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Mac àtijọ́ kò sì lè ṣí àìmọye ìkànnì mọ́. Búráúsà Firefox máa ń gbé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ rìn, kì í ya ti ẹ̀rọ lò. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ tó tuntun jù lọ tí ẹ̀rọ yín lè gbà sí i.

Nígbà tí àtúnṣe ààbò bá dẹ́kun

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ni yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀rọ, àti ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ tí Microsoft fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní agbára tó pọ̀ tó ni ìlànà yìí ti ilẹ̀kùn mọ́, ó sì dùn mí gidigidi pé ẹ̀rọ tó ṣì lágbára ń di ohun àkítàn nítorí rẹ̀.

Linux, sọ́fítíwià tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti fi sí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi Linux ló wà. Ẹ̀dà Ubuntu tí wọ́n ń pè ní LTS (ẹ̀dà tí ìtọ́jú rẹ̀ máa ń pẹ́) ń gba àtúnṣe fún ọdún 5. Linux Mint rọrùn fún ẹni tó ti mọ Windows lára, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB sì tó o. Bí RAM bá kéré sí ìyẹn, ẹ wo Lubuntu, oríṣi Linux tó fúyẹ́. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ oní-32-bit, irú ọpọlọ ẹ̀rọ àtijọ́ kan, ẹ kíyè sí i pé Debian 13, oríṣi Linux mìíràn tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, kò ní ọ̀nà tí a lè fi gbé e sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kò pọn dandan kí ẹ pa Windows rẹ́ kí ẹ tó mọ̀ bóyá Linux yóò bá ẹ̀rọ yín mu. Ẹ gba fáìlì ISO rẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo Linux náà pọ̀, láti orí ìkànnì àwọn tó ṣe é, kí ẹ fi sọ́fítíwià Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò parẹ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F12 tàbí Esc léraléra títí yóò fi béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kó ti ṣí. Bọ́tìnnì yìí yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Linux yóò ṣí láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ fetí sí ohùn, ẹ tẹ ìwé kan jáde, ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kí ẹ sì ṣí i padà láti wò ó bóyá yóò jí. Ẹ má kánjú níbí yìí, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, ẹ da àwọn fáìlì yín kọ kí ẹ tó gbé e wọlé pátápátá: ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ ṣí fáìlì mélòó kan nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti rí i pé wọ́n pé, nítorí ẹ̀dà tí kò ṣe é ṣí kò yàtọ̀ sí kí ó má sí rárá.

Ẹ̀rọ tí a kò lè pààrọ̀ sọ́fítíwià rẹ̀

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ṣeé yí padà, bíi kọ̀ǹpútà Windows XP tó ń darí ẹ̀rọ ìgé-nǹkan tàbí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé. Ìtọ́jú XP ti parí láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ẹ yọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ayélujára pátápátá: ẹ fa okùn rẹ̀ yọ, kí ẹ sì pa Wi-Fi rẹ̀ láti inú BIOS (ojú ètò tí ẹ̀rọ máa ń ṣí kí Windows tó dé), kì í ṣe láti inú Windows nìkan. Fíláàṣì kan tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn ni kó máa gbé fáìlì wọlé àti jáde, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà tó ń gba àtúnṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó ṣì ń tàn, ẹ fi sọ́fítíwià bíi Clonezilla ya àwòrán gbogbo hard disk rẹ̀ pa mọ́, kí ẹ kó driver, sọ́fítíwià àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ sójú kan, nítorí àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gbà wọ́n ń pa rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra hard disk tàbí SSD mìíràn tó bá a mu, kí ẹ da àwòrán náà sórí rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ kí ẹ sì rí i pé ó ṣí, kí ẹ tó fi í pa mọ́ de ọjọ́ tí èyí tí ẹ ń lò bá kú.