Ẹ Má Fi Fáìlì Tí Ẹ Kò Kà Ya Máàpù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títọpa Àjàkálẹ̀ Àrùn Káàkiri Àgbáyé

Ojoojúmọ́ ni èèyàn tuntun ń bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ sanwó fún máàpù aláràbarà, wọ́n á da iye tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á máa béèrè pé kí ló dé tí iye òkú orílẹ̀-èdè kan fi dín kù mọ́jú. Òkú kì í jí. Àlàyé ọ̀rọ̀ wà nínú fáìlì tí wọ́n fi ti dátà náà lẹ́yìn, wọn ò kà á ni. COVID-19 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò tíì sí àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì tún rí jákujàku tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì CSV, a gbà pé ẹ ti mọ ìyẹn.

1. Ẹ má ra ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́

Àkọsílẹ̀ tí Yunifásítì Johns Hopkins kó jọ láti ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 2020 títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2023 wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé wà lọ́fẹ̀ẹ́, ti Our World in Data, ìkànnì tó ń kó dátà àgbáyé jọ, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń tà á fún yín ti lọ kó o, ó kàn kun ún lọ́dà ni.

2. Iye àpapọ̀ kì í ṣe iye òòjọ́

Fáìlì Johns Hopkins, iye àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ yọ tàná kúrò nínú tòní kẹ́ ẹ tó mọ ti òòjọ́. Bí èsì bá wá sísàlẹ̀ òdo, ẹ má sọ ọ́ di òdo kẹ́ ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ wá ohun tó fà á.

3. Orúkọ orílẹ̀-èdè

Nínú fáìlì yẹn, Congo méjì ló wà, ọ̀kan ní Kinshasa, ọ̀kan ní Brazzaville. "Korea, South" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "South Korea". Taiwan ní ìràwọ̀ lẹ́yìn orúkọ. Ọkọ̀ ojú omi méjì, Diamond Princess àti MS Zaandam, jókòó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè bí ẹni pé wọ́n ní ààrẹ. Ẹ má fi orúkọ so fáìlì kan mọ́ òmíràn, àmì ISO, ìyẹn àmì onílẹ́tà mẹ́ta tí gbogbo ayé fi ń mọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ lò.

Ṣáínà, Kánádà àti Ọsirélíà wà ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ro wọ́n pọ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tún yàtọ̀: ìlà tí òpó ìpínlẹ̀ rẹ̀ ṣófo gan-an ni orílẹ̀-èdè náà, àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn lókè òkun ló ní orúkọ nínú òpó yẹn. Ẹni tó bá sáré pa gbogbo ìlà tó ní àyè òfìfo rẹ́ ti pa gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ nìyẹn, àwọn ilẹ̀ òkè òkun yẹn nìkan ló máa kù fún un. Bákan náà, oṣù ló ṣáájú nínú ọjọ́ tí wọ́n kọ: 3/4/20 jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, kò ní pariwo, á kàn ba iṣẹ́ yín jẹ́ ní jẹ́jẹ́.

4. Òdo yàtọ̀ sí "a ò gbọ́ nǹkan kan"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Tàǹsáníà dákẹ́. Iye tó kéde kẹ́yìn jẹ́ 509, orí 509 náà ló sì dúró sí fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ yọ tàná kúrò nínú tòní, òdo lẹ máa rí lójoojúmọ́, máàpù yín á wá fi àwọ̀ ewé kun ibẹ̀ bí ẹni pé àrùn ti lọ. Turkmenistan kò kéde ẹyọ kan rí. Àríwá Kòríà sọ pé kò sí rárá títí di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tí ara wọn ń gbóná ló ń kà, kì í ṣe àwọn tí àyẹ̀wò mú. Àwọ̀ eérú ni ibi tí kò sí ìròyìn. Bí iye kan bá dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko nígbà tí àrùn ń jà ní gbogbo àyíká, ẹ sọ ọ́ di àyè òfìfo.

Ẹni tó dákẹ́ ń jèrè, ẹni tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ni wọ́n fi orúkọ Sípéènì pè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Sípéènì kò sí nínú ogun nígbà náà, ìwé ìròyìn ibẹ̀ ló láyè láti kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wà lójú ogun ti fi ọwọ́ bo ẹnu ìwé ìròyìn tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́

Èyí ló ń bí wa nínú jù, ẹ jẹ́ ká tú u délẹ̀.

Ká ní ẹnì kan kó kòrónà lónìí. Irú tó kọ́kọ́ jáde máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àìsàn hàn. Onítọ̀hún lè lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò, èsì lè lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọ́fíìsì tó ń ro ó pọ̀ á tún fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Ẹni tó wọnú iye tòní ti kó àrùn ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ti òkú tún jìnnà sí i: ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín ìgbà tí àìsàn hàn sí ìgbà ikú, ìwé ẹ̀rí ikú á tún wá máa rìn láti tábìlì dé tábìlì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òpó tí wọ́n kọ "date" sórí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọjọ́ wo: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n ki igi òwú bọ imú, ọjọ́ tí èsì jáde, àbí ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀? Ti Johns Hopkins, ọjọ́ ìkéde ni. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìkéde orílẹ̀-èdè kan wé ọjọ́ ikú gan-an ní orílẹ̀-èdè míì, tó wá ń jiyàn nípa ìjọba tó ṣe dáadáa jù, ariwo lásán ló ń pa.

Ọjọ́ ìkéde náà ló ń bí àwọn òkè gíga inú gíráàfù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Hubei ní Ṣáínà kéde èèyàn tuntun 14,840 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú wọn, 13,332 jẹ́ àwọn tí dókítà fi àmì àìsàn mọ̀ láìdúró de èsì yàrá àyẹ̀wò, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n mọ́ ọn. Àrùn kò sáré lọ́jọ́ náà, ìlànà ló yí. Tọ́kì, láti òpin oṣù Keje títí di ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn tí àìsàn hàn lára wọn nìkan ló ń kéde. Nígbà tó da ìyókù sínú àpapọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ó lé ní 800,000 tó já wọnú ọjọ́ kan ṣoṣo. Peru tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, iye òkú fò láti 69,342 sí 180,764.

Òdìkejì náà wà. Sípéènì yọ bí òkú 2,000 kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò ti mú rí, tó bá kú nígbàkigbà lẹ́yìn náà, òkú kòrónà ni wọ́n ń kà á sí, kódà bí mọ́tò ló gbá a. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n ní ẹni tó bá kú láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn àyẹ̀wò nìkan ni kí wọ́n máa kà, òkú tó lé ní 5,000 sì kúrò nínú ìwé. Ibẹ̀ náà ni èèyàn 15,841 ti sọ nù láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, torí fáìlì Excel àtijọ́, irú .xls, kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ, ohun tó bá sì ti kọjá ìyẹn, ó gé e sọnù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n rí wọn, wọ́n rọ́ gbogbo wọn sínú ọjọ́ méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní àrùn búgbàù lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ ṣí tábìlì kan sílẹ̀ fún èyí nìkan, òpó mẹ́rin: ọjọ́, orílẹ̀-èdè, ohun tó yí, iye tó wọlé tàbí tó jáde. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ pín iye náà padà sí ọjọ́ wọn. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fa ìlà òòró sójú gíráàfù, kẹ́ ẹ sì yọ ọjọ́ náà kúrò nínú ìṣirò bí àrùn ṣe ń yára tó.

Ti òpin ọ̀sẹ̀ rọrùn. Ọ́fíìsì ń sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, iye á lọlẹ̀, á tún ga ní Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè. Àròpín ọjọ́ méje ló ń pa èyí, kì í ṣe márùn-ún, kì í ṣe mẹ́wàá, torí ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀. Ẹ sì rántí pé àròpín tó parí sórí òní ti fi ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé e sórí ọjọ́ àárín bí ẹ bá ń ṣe ìtúpalẹ̀.

Bí gíráàfù bá wá jẹ́ ti ọjọ́ ikú gan-an, àwọn ọjọ́ tó kẹ́yìn á máa wálẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó ń wò ó dà bí ẹni tó ń ka èrò inú ọkọ̀ nígbà tí àwọn míì ṣì ń wọlé. Swídìn ló jìyà èyí jù: lójoojúmọ́ ni àwọn kan ń kéde pé ikú ti fẹ́ tán níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ fi àwọ̀ eérú bo ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tó kẹ́yìn. Kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà fáìlì òòjọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á sínú orúkọ rẹ̀, ẹ má fi tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀dà wọ̀nyẹn nìkan ló lè sọ fún yín pé nǹkan bí ìdá mélòó ló máa ń kún iye ọjọ́ kan tó bá yá, ìyẹn lẹ sì máa fi ṣírò ibi tí tòní máa já sí.

Àyẹ̀wò

Ká ní wọ́n yẹ 1,000 èèyàn wò lọ́sẹ̀ yìí, 100 ní in, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n yẹ 2,000 wò, 200 ní in. Iye di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ni. Ẹ máa fi ìdá yẹn ti iye lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó wà lábẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìlú tó ṣí. Ṣùgbọ́n ibi tó bá jẹ́ aláìsàn tó dùbúlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìdá náà á ga, yálà àrùn pọ̀ ní ìgboro tàbí kò pọ̀.

Ìdá àwọn tó ń kú: ẹ má pín òkú òní sórí aláìsàn òní. Ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2020, òkú tí wọ́n mọ̀ lórí aláìsàn tí wọ́n mọ̀ ni, kì í ṣe ewu tó wà lórí ẹni tó bá kó o. Nínú ọkọ̀ Diamond Princess, èèyàn 3,711 ló wà níbẹ̀, 712 ló ní in, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò sì ní àmì àìsàn kankan lára nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Irú wọn ni kì í wọ ìwé níbòmíràn.

Àwọn tó ti gbádùn: ẹ fi òpó yẹn sílẹ̀. Johns Hopkins fúnra wọn pa á tì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021.

Máàpù tí wọ́n fi iye àpapọ̀ kùn, máàpù ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni. Ẹ pín in sórí 100,000 èèyàn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Vatican: ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ ti lé ní 100 nínú 100,000.

Ẹ̀yà tuntun

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀yà kòkòrò kòrónà kan kì í ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Jàpáánù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka jẹ́nóòmù (gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò) ẹ̀yà Gamma, lára àwọn arìnrìn-àjò tó ti Bùràsíìlì dé. Gúúsù Áfíríkà ló sọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa Omicron ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, owó tí wọ́n fi san án fún un ni pípa ilẹ̀kùn pápá ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn lójú.

Jẹ́nóòmù kòkòrò yìí máa ń yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó sì lè gba ara èèyàn mẹ́ta kọjá láìyí rárá. Jẹ́nóòmù méjì tó bára mu kò sọ pé Lágbájá ló kó o ran Tàmẹ̀dò. Nínú GISAID, ibi tí wọ́n ń kó jẹ́nóòmù kòkòrò àrùn jọ sí, ọjọ́ tí wọ́n gba àpẹẹrẹ lára aláìsàn ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ má sì fi ọ̀nà kúkúrú kan ṣe gbogbo iṣẹ́: àwọn tó ń fi àìrí jíìnì S nínú àyẹ̀wò PCR mọ Omicron rí ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ BA.1 dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ka BA.2 gba ẹ̀yìn wọn kọjá, torí jíìnì náà máa ń hàn níbi tirẹ̀.

Òkú tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ

Fún ọdún 2020 àti 2021, àwọn orílẹ̀-èdè kéde bí 5.4 mílíọ̀nù òkú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò iye òkú tó fi ju èyí tí wọ́n retí lọ sí 14.9 mílíọ̀nù. Àwọn tí ilé ìwòsàn kò ráyè tọ́jú nítorí àìsàn míì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má pe gbogbo rẹ̀ ní òkú kòrónà.

Lẹ́yìn ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023

Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì ti parí. Ìkéde ti ń dín kù ṣáájú ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè sì ti ṣíwọ́ kíkà. Ìlà tó ń wálẹ̀ látìgbà náà, ìkéde ló ń wálẹ̀ jù nínú rẹ̀. Iye àwọn tó wọ ilé ìwòsàn ṣì wúlò, omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye tó ti inú omi ìlú kan jáde wé ti ìlú kejì. Bí omi ṣe ń ṣàn kò dọ́gba, òjò ń là á, yàrá àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ibi kan náà ni kẹ́ ẹ máa fi wé ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ yàrá àyẹ̀wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun.