Bí mo ṣe ṣe alárinà fún òdòdó kòkó ní Ìkẹ́rẹ́

Kòkó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kì í ṣe igi tí kì í tanná. Tí àsìkò bá tó, òdòdó á bo ara igi láti ìdí dé ẹ̀ka. Èso ló ń wọ́n lórí rẹ̀. Bàbá ní oògùn ló kù, ká tún fín in. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn igi tó wà nítòsí abà fún mi ná.

Òdòdó kòkó ò lè dá so. Ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́búlẹ́bú akọ, ọ̀pọ̀ igi ni kì í sì í gba ti ara rẹ̀, àfi ti igi mìíràn. Atẹ́gùn ò lè gbé lẹ́búlẹ́bú náà torí pé ó ń lẹ̀, oyin sì tóbi jù fún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kòkòrò tín-tìn-tín kan tó jọ kantíkantí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, oògùn tí à ń fín kì í sì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Àárọ̀ kùtù ni òdòdó kòkó máa ń là tán. Èyí tí kò bá rí lẹ́búlẹ́bú gbà, bí ọjọ́ kan sí méjì ló fi ń já bọ́. Torí náà, ìrì ò tíì gbẹ tí mo fi wà nídìí igi, tèmi ti ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú.

Mo já òdòdó kan lára igi tó jìnnà díẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kékeré ni, kò ju èékánná lọ. Ewé òdòdó rẹ̀ jẹ́ 5, ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ wọnú, ó sì di àpò. Inú àpò yẹn ni orí akọ sá sí. Akọ 10 ló wà níbẹ̀, àmọ́ 5 péré ló ní lẹ́búlẹ́bú. 5 yòókù yàgàn, wọ́n kàn nà ró ṣánṣán, wọ́n yí abo ká. Abo ló wà láàárín gan-an: orí rẹ̀ ń gba lẹ́búlẹ́bú, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ilé ẹyin wà nísàlẹ̀. Ẹyin inú rẹ̀ máa ń tó 40 sí 60. Ẹyin tó bá gba lẹ́búlẹ́bú ló ń di hóró kòkó. Ilé ẹyin fúnra rẹ̀ ló ń di èso tí à ń fi àdá là.

Mo fa ewé alápò náà sẹ́yìn kí orí akọ lè yọ síta. Lára igi tí mo fẹ́ kó so, mo wá òdòdó tó là dáadáa, mo ṣẹ́ akọ tó yàgàn bíi méjì kúrò lójú ọ̀nà, mo wá fi akọ ọwọ́ mi ra abo rẹ̀ jẹ́jẹ́, láti orí dé ọrùn. Kó kàn fara kàn án lásán ò tó o: tí ẹyin tó gbà bá kéré jù, òdòdó náà á ṣì já bọ́ ni. Mo fi ọ̀dà funfun tọ́ èèpo igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bọ́ sí òmíràn.

Bàbá dúró wò mí títí. “Ṣé o ti ń gbéyàwó fún kòkó ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá. Èmi ni alárinà.”

Nígbà tí oòrùn mú, mo ṣíwọ́. Ọrùn ti ń dùn mí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òdòdó tí mi ò fọwọ́ kàn ti kún ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, púpọ̀ ṣì dúró, ìdí wọn ti ń wú. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú ọmọ èso náà dúdú, wọ́n gbẹ mọ́ igi, torí kòkó kì í tọ́ ju èyí tí agbára rẹ̀ ká lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ṣe é kárí gbogbo ẹ̀ka. Èyí tó kù á lò tó oṣù 5 sí 6 kó tó pọ́n.

Ní Gánà, ìjọba gba àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ yìí ní 2017. Níbí, owó lébìrà á ti jẹ èrè tán kí kòkó tó dé orí ìwọ̀n. Ó yá mi lára ju kí kòkòrò tó jọ kantíkantí yẹn padà sóko: inú ewé àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà ló máa ń pamọ sí. Bàbá ti gbà pé a ò ní máa gbá abẹ́ igi mọ́ tónítóní mọ́, àti pé a ò ní fín oògùn láàárọ̀ tí igi bá ń tanná.