Bí mo ṣe fi ọkà bàbà pọn bíà nílé láìfi bálì kankan sí i

Bálì ni gbogbo ìwé tó ń kọ́ni ní pípọn bíà nílé máa ń dárúkọ. Èmi ò rí bálì rà n'Ìbàdàn, mi ò sì rí ìdí tí màá fi sanwó ọkọ̀ òfuurufú lórí ọkà nígbà tí ọkà bàbà pupa kún ọjà Bódìjà. Ọkà bàbà yìí náà ni àwọn iléeṣẹ́ bíà ńláńlá gbá mú nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de gbígbé bálì wọ̀lú ní 1988. Nígbà tí wọ́n sì fagi lé òfin náà nígbẹ̀yìn, wọn ò fi ọkà bàbà sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń mu bíà Nàìjíríà ti ń mu ọkà bàbà tipẹ́. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ máa ń ra ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń sọ sítáàṣì inú ọkà di ṣúgà, sí i kí ọkà náà lè di ṣúgà dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkà bàbà lè dá a ṣe, pẹ̀lú èyí tí Ọlọ́run fi sínú ara rẹ̀. Ó lè dá a ṣe.

Ọkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hù kí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ tó jí. Nítorí náà, ọkà ọdún yìí ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, torí èyí tó ti pẹ́ nínú àpò kì í hù dọ́gba. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tọ́jú fún gbígbìn rárá, oògùn kòkòrò máa ń wà lára rẹ̀. Mo fi omi rẹ kílò mẹ́fà fún odidi ọjọ́ kan, mo ń da omi náà nù látìgbàdégbà kí ọkà lè mí, mo sì ń bu tuntun sí i. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ sórí àpò ìdọ̀họ tó tutù, mo fi òmíràn bò ó. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń wọ́n omi sí i, tí mo sì ń fọwọ́ yí i. Tó bá fi máa tó ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, gbòǹgbò á ti lọ́ mọ́ra wọn, ẹ̀hù á sì ti gùn. Ìgbà yẹn ni mo sá a sóòrùn títí ẹ̀hù fi ń dá pẹ́kẹ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ibì kan wà níbí tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Ẹ̀hù àti gbòǹgbò ọkà bàbà ní èròjà kan tó lè di sáyánáìdì. Màlúù tó bá jẹ ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lóko lè tibẹ̀ kú. Nítorí náà mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ọkà gbígbẹ náà, mo fẹ́ ẹ, mo tún un rà, títí tó fi ku hóró nìkan. Èyí tó bá hu èbu, ẹ kó o dànù, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá tó ní ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò wa.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó kúnná. Kó kàn fọ́ ni.”

“Ṣé adìyẹ lo fẹ́ fi bọ́ ni?”

“Rárá mà, ọtí ni mo fẹ́ fi pọn.”

Màmá pa ẹ̀rọ. “Ọtí bàbà? Ìyá tó bí ìyá mi ń pọn ọ́n. Omi orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà sọ́tọ̀ o, kí wọ́n tó gbé ìyókù kaná. Má se gbogbo ẹ̀ pọ̀.”

Ohun tí màmá sọ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà kò fẹ́ ooru púpọ̀. Tí omi bá ti kọjá 70°C, púpọ̀ nínú wọn á kú. Sítáàṣì ọkà bàbà ní tirẹ̀ kì í rọ̀ dáadáa àfi tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 70 sí 75°C, ẹ́ńsáìmù kò sì lè rí sítáàṣì tí kò rọ̀ jẹ dáadáa. Ti bálì máa ń rọ̀ kó tó débẹ̀, ìyẹn ló fi rọrùn fún oníbálì láti po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin tó ń pọn tchakpalo àti tchoukoutou, ìyẹn ọtí ọkà bàbà, ní orílẹ̀-èdè Benin ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí tẹmómítà tó dé ọ̀dọ̀ wọn: wọ́n á da omi orí sọ́tọ̀, wọ́n á se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n á wá da méjèèjì pọ̀. Inú mi dùn láti ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo kàn fi tẹmómítà tì í lẹ́yìn ni.

Kílò márùn-ún ìyẹ̀fun tí kò kúnná ló jáde nínú ọkà náà. Mo pò ó mọ́ lítà méjìlá omi kí gbogbo rẹ̀ lè dúró ní 50°C, mo dé e, mo sì fi í sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọkà rọ̀ sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rọra fi ife bu lítà márùn-ún nínú omi orí yẹn sínú ike, mo gbé e síbi tó tutù. Inú ike yẹn ni ẹ́ńsáìmù mi wà. Ìyókù ni mo gbé ka gáàsì, tí mo ń fi orógùn rò ó kó má baà jóná. Kò pẹ́ tó fi ki bí ògì tí ẹni tó rò ó ò lawọ́ omi. Mo jẹ́ kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo dúró kó wálẹ̀ sí 80°C, mo wá da omi inú ike lé e lórí. Tẹmómítà dúró sí 65°C. Mo fi aṣọ nípọn wé ìkòkò náà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ohun tó ki tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lábẹ́ orógùn. Mo kán díẹ̀ sínú sọ́sà funfun, mo kán áyódíìnì tí mo rà ní kẹ́mísí sí i: ó dúdú bí aró, ìyẹn ni pé sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí kan, àwọ̀ áyódíìnì kò yí padà mọ́. Mo fi ṣíbí mìíràn tọ́ ọ wò, ó dùn, ó sì ní ìtasánsán ọkà sísun díẹ̀. (Ẹ má tọ́ èyí tí áyódíìnì bá ti kàn wò.)

Ọkà bàbà ò ní èèpo líle tó lè di asẹ́ fúnra rẹ̀ bíi ti bálì, nítorí náà aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni mo lò. Mo fi omi gbígbóná ṣan èèrí rẹ̀ títí mo fi rí nǹkan bíi lítà méjìdínlógún, mo sì pín in sí ìkòkò méjì. Ìkòkò ńlá gba hops, òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Cascade, tí ọ̀rẹ́ mi kan bá mi mú bọ̀ láti London, díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ìkorò, èyí tó pọ̀ jù níparí fún òórùn. Ìkòkò kékeré gba orógbó tí mo rin, torí àwọn onímọ̀ nílẹ̀ wa ti gbé orógbó àti ewúro yẹ̀ wò pé wọ́n lè dípò hops. Méjèèjì hó fún wákàtí kan.

Ti ìwúkàrà (yíìsì), tó ń sọ ṣúgà di ọtí, ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù níbí, torí pé èyí tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ òtútù máa ń nílò fíríìjì, iná mànàmáná kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀. Kveik ni mo lò, ìwúkàrà àwọn àgbẹ̀ ìlú Voss ní Nọ́wè. Ìdílé kan á fi lé ìdílé mìíràn lọ́wọ́. Wọ́n á ti igi bọ inú ọtí, wọ́n á sá a gbẹ, á di ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ pọntí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apọntí tiwa ṣe ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná bẹ̀rẹ̀ tòní. Kveik Voss fẹ́ràn ooru, kódà 35 sí 40°C ló ti ń ṣe dáadáa jù. Yàrá mi nínú oṣù kẹta ti tó o. Ike, ideri àti ọ̀pá tí mo fi ń fa ọtí, Milton tí àwọn ìyálọ́mọ fi ń fọ ìgò oúnjẹ ọmọ ni mo fi fọ gbogbo wọn. Haidirómítà, tí mo fi ń wo bí ṣúgà ṣe ń dín kù nínú ọtí náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1.048, ó parí sí 1.010, ìyẹn jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọtí líle. Gíráàmù mẹ́fà ṣúgà fún lítà kan ni mo fi dé e sínú ìgò, mo sì rọ díẹ̀ sínú ike mínírà. Nígbà tí ike yẹn le gbagidi lọ́wọ́, mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ìgò náà.

Níléeṣẹ́ bíà Bature ní Victoria Island l'Ékòó ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé bíà lè ta sánsán bí èso láìsí èso nínú rẹ̀. Ti Cascade tèmi ṣe bẹ́ẹ̀: òórùn èèpo ọsàn ló kọ́kọ́ dé imú, apá kan láti ara hops, apá kan láti ara kveik. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò mọ́ gaara, ó sì kan díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Fóòmù rẹ̀ kò pẹ́ lórí ife. Ti orógbó kò ní òórùn kan gbòógì, ṣùgbọ́n ìkorò rẹ̀ wù mí ju ti hops lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń jókòó lọ́nà ọ̀fun, bíà náà á wá bá ẹran sísun mu gan-an. Nínú èyí tí màá pọn tẹ̀ lé e, ìkòkò kan ṣoṣo ni màá lò: orógbó láti ìbẹ̀rẹ̀ híhó, Cascade ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn.