Bí mo ṣe yẹ Píjò 504 kan wò l'Ájàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí pé òun rí Píjò 504 kan ní Ouando, tí wọ́n ní ó sáré nínú ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ọdún 1975. Ọdún yẹn ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní ní Kẹ́ńyà. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án fáráǹkì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó má tíì kó owó sílẹ̀.

Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, nọ́ńbà ìdíje wà lára ilẹ̀kùn, àmì irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, TI, wà lẹ́yìn. Mo fi aṣọ wé òòfà kékeré kan, mo ń fi í lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí òrùlé, ó gbá a mú. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó yọ̀ bọ́: mástíkì ni wọ́n fi dí ibi tí ìpáàrà ti jẹ.

Pọ́ǹpù ló ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì TI. Kabúrétọ̀ ni mo bá níbẹ̀ dípò rẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó dá ẹjọ́, mẹkáníìkì lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwo kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ sí, nínú ilé ẹ́ńjìnnì, ló jẹ́ kí ara fu mí. Ó ti ṣá, àmọ́ rífẹ́ẹ̀tì tó dè é mú ń kọ mànà. Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú bẹntiróòlù nu irin inú ilé ẹ́ńjìnnì títí nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin fúnra rẹ̀ fi jáde. Kò bá ti àwo mu.

Mo wá wọ abẹ́ ọkọ̀. Èyí tó bá sáré lórí òkúta, wọ́n á ti jó irin kún ibi tí sọ́ọ̀kì ti so mọ́ ara rẹ̀. Kò sí. Ihò tí wọ́n fi de irin ààbò mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ń dán létí bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu, bẹ́ẹ̀ ìpáàrà yí i ká.

Mo ní fún bàbá tó ń tà á, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí káàtì gríìsì, ìwé ọkọ̀ yìí." 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà ara irin ló sì wà nínú rẹ̀. Bàbá jókòó. Bí wọ́n ṣe sọ fún àwọn náà nìyẹn nígbà tí wọ́n rà á. Ó dùn mí, torí tákísì 504 láti Àjàṣẹ́ sí Kétu ni bàbá tèmi fi tọ́ wa.

Ọkọ̀ náà dára ṣá o. Ẹ́ńjìnnì dún geere, ẹni tó tún un ṣe mọṣẹ́. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni mo dá. Mẹ́ta ni wọ́n fẹnu kò sí. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó sanwó, bàbá tó tà á fúnra wọn mú irinṣẹ́, wọ́n yọ àwo nọ́ńbà yẹn kúrò.